Ojú Ewé Kọkànlélógójì

Fàòsíyà Sàláwù kì í ṣe ẹni tó ń pẹ́ ní ìsọ̀ aránṣọ. Á gba aṣọ rẹ̀, á nà án wò lẹ́ẹ̀kan, á dúpẹ́, ó di ilé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù keje, òjò há a mọ́ ìsọ̀ Manuella ní ọjà Congo, òjò Douala tí kì í gbọ́ ti agbòòrùn. Kò sóhun tó lè ṣe ju kó jókòó. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ń wo bí omi ṣe ń gbá ègé aṣọ lọ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ bá ṣàdédé bọ́ sórí ìwé pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, láàárín ike òróró àti òwú dúdú.

Èèpo ìwé náà ti ya létí. Àwọ̀ pupa tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tó pẹ́ nínú oòrùn. Fàòsíyà nawọ́ mú un, ó yí i padà. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sí iwájú ìwé náà.

Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, ní ọdún 2010, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó rò pé òun gbọ́n. Ìwé Faransé ni, ó ń tọ́ka sí ọgọ́ta ibi tí ènìyàn ti lè jẹun ní Douala, ojú ewé kan fún ibi kan. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Akwa ló tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì tún un tẹ̀ mọ́. Ibi tí ilé ìtẹ̀wé yẹn wà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù báyìí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí Fàòsíyà ní ti sọnù nígbà tó ń kó ẹrù lọ sílé ọkọ, kò sì wá a. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kò rántí pé òun kọ ìwé rí.

Ó ṣí i. Etí gbogbo ojú ewé kún fún ìkọ̀wé pẹ́ńsùlù, Yorùbá tí kò ní àmì ohùn kankan. Níbi tí òun ti yin ẹja yíyan obìnrin kan ní Bonabéri, ẹni náà kọ ọ́ pé, "Ìyá yìí ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló ń yan án, kì í jẹ́ kí ẹja jóná." Níbòmíràn, "Wọ́n ti pa á dé, 2014." Níbòmíràn, "Ó ti kó lọ sí Ndokoti. Ata rẹ̀ ti dínkù, ara ń dàgbà." Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìparí ìwé náà. Ẹnì kan ti ń bá a tún ìwé rẹ̀ ṣe láti ọdún pípẹ́ wá, láìsọ fún un.

Kò tiẹ̀ yẹ kó béèrè ẹni tó jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń kọ "k" kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà bí ẹni fẹ́ fo gọ́tà. Ó béèrè síbẹ̀. Manuella ní ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló gbàgbé ìwé náà nígbà tó wá pààrọ̀ bẹ́líìtì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti pé Ọjọ́bọ̀ ló ń padà bọ̀. Ó ní ibikíbi tí iṣẹ́ bá gbé ọkùnrin náà dé, tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìwé yẹn ló máa ń yọ láti fi wá ibi tí yóò ti jẹun, bó bá sì jẹun tán, á kọ nǹkan sí i. Fàòsíyà bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun mú un lọ di Ọjọ́bọ̀. Manuella wo orúkọ tó wà lára ìwé, ó wo ojú oníbàárà rẹ̀, ó ní kó máa mú un lọ.

Nùrúdíìnì Àlàó ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Nígbà tí Fàòsíyà ń kọ ìwé rẹ̀, Nùrúdíìnì jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe káàkiri ọjà Congo, ó sì ní alùpùpù kan tí ariwo rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Fàòsíyà ń wá ẹni tí yóò gbé òun kiri ìlú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jọ sọ. Kò tó oṣù méjì tí Fàòsíyà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ títí ọjọ́ Àìkú yóò fi dé, tó sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí oúnjẹ. Wọ́n á jẹ ẹja ní etí odò Wouri, wọ́n á jẹ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti ẹ̀wà ní Deïdo lórí bẹ́ǹṣì tó ń mì. Òun á máa kọ, Nùrúdíìnì á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ kì í dúró de bírò.

Ní ọjọ́ kan, Nùrúdíìnì mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ojúọlápé lorúkọ obìnrin náà, opó ni, ọmọ Ìkìrun sì ni, ṣùgbọ́n Màmá Logbaba ni gbogbo àwọn mẹkáníìkì àti káfíńtà àdúgbò Logbaba ń pè é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Ndolé ló ń sè, ọbẹ̀ ewúro tí àwọn ará Douala ń fi ẹ̀pà àti edé sè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fàòsíyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ewúro náà korò lẹ́nu rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ rọ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni màmá bi í pé báwo ni ọbẹ̀ ṣe rí, tí Fàòsíyà sì kúnlẹ̀, tó ní ó dùn gan-an. Màmá pè é ní ọmọ òun. Ó fi ẹja kún ti inú àwo rẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà fẹ́ẹ̀ parí, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kà á, ó ní adùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní ìwé tó bá yin gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́, kó fi ata díẹ̀ sí i. Fàòsíyà wá ibi tí yóò fi ata sí. Ó rò ó pé màmá kò mọ Faransé kà. Ó tún rò ó pé bí òun bá yin ìyá ọkùnrin tí òun ń fẹ́, wọ́n á ní òun ń ṣojúsàájú. Báyìí ló ṣe jókòó tó kọ ojú ewé kọkànlélógójì: "Ní Logbaba, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, ará Nàìjíríà kan ń se ndolé tí kò yé e. Kò mọ bí wọ́n ti ń fọ ewúro. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kó mú omi dání." Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ ọ́ tán. Ẹ̀rín yẹn ló kábàámọ̀ jù lẹ́yìnwá.

Wàhálà kì í pẹ́ kó tó mọ ilé. Ìwé jáde, mẹkáníìkì kan tó mọ̀wé rí i rà, ó sì kà á sókè níwájú gbogbo èrò tó ń jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́ta nínú wọn gbé ìgò omi dání wá láti ilé, wọ́n tò ó sórí tábìlì. Màmá Logbaba kò bá wọn jà. Ó ní kí wọ́n tún un kà, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún òun.

Nígbà yẹn, àwọn ẹbí méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Àǹtí Èjìdé, tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàbá Fàòsíyà, ni alárinà. Òun ni màmá rán padà, ọ̀rọ̀ tó sì fi rán an kò gùn. "Pé kò fẹ́ràn ọbẹ̀ mi kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè wo ojú mi kó ní ó dùn, kó wá lọ sọ fún gbogbo ìlú pé kò dùn, bó bá wọ ilé mi, tó sì ń kí mi káàárọ̀, kí ni n ó máa rò?"

Nígbà tí Alhaji Sàláwù, bàbá Fàòsíyà, gbọ́, ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mẹ́rin, ó gbé e sórí àtẹ. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń nà wò tán kí wọ́n tó ní àwọn kò rà á mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ilé náà níwájú òun. Nùrúdíìnì wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò lè rékọjá ọ̀rọ̀ ìyá òun. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ti kọjá sí Libreville, ní orílẹ̀-èdè mìíràn.

Wọ́n fi Fàòsíyà fún ọkùnrin kan ní Ìwó, ìlú bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà kò lù ú, kò sì fi ebi pa á. Wọ́n kàn ń gbé pọ̀ bí ẹni méjì tó jókòó ní ibùdókọ̀ kan náà, tí oníkálùkù ń dúró de ọkọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún kẹrin, wọ́n túká láìsí ariwo. Ó padà sí Douala, ó rí iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì kan, ó sì ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ní Yassa láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé náà fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, kò ní ìgboyà láti ṣí ojú ewé kọkànlélógójì. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣí i nínú takisí. Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ líle, ó sì ti múra sílẹ̀ láti gbà á. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù: "Ṣì wà."

Kí ló ṣì wà? Ṣé ìsọ̀ ni, àbí màmá, àbí ọgbẹ́ náà? Àbí ohun mìíràn tí ọkùnrin náà kò lè kọ tán? Fàòsíyà bá ara rẹ̀ jà. Ó ní ẹni ogójì ọdún kò gbọdọ̀ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjì bí ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́. Ó pinnu pé òun yóò fi ìwé náà sílẹ̀ fún Manuella ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀, òun yóò sì bá tòun lọ. Ọjọ́bọ̀ dé, ó wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tó yẹ ẹ́ jù, ó sì dé ìsọ̀ Manuella ní ọ̀sán gangan.

Nùrúdíìnì wọlé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun díẹ̀ lábẹ́. Ó rí ìwé lọ́wọ́ obìnrin náà kó tó rí ojú rẹ̀, ó sì dúró.

"Ẹ káàsán, mà," ló sọ.

Ó dun Fàòsíyà ju bó ṣe rò lọ. "Ṣé 'ẹ' lo wá ń pè mí, Núrù?"

"Mi ò mọ èyí tó tọ́ sí mi mọ́."

Manuella rántí pé òun fẹ́ ra bọ́tìnnì ní ìsọ̀ kejì. Àwọn méjèèjì jókòó, ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín wọn. Fàòsíyà bi í pé kí ló dé tó fi ń kọ nǹkan sínú ìwé yìí láti ọjọ́ yìí wá. Ọkùnrin náà sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun gbé ìyàwó ní Libreville, kò tó ọdún méjì tí obìnrin náà fi padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, òun kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ọkàn òun kò bá òun dé ibẹ̀. Ó ní nígbà tí òun padà sí Douala, òun rí ìwé náà nínú ẹrù òun, òun lọ jẹun níbi kan tí ó júwe, òun sì bá ibẹ̀ ní títì.

"Mo rí i pé ìwé náà ti ń parọ́ díẹ̀díẹ̀," ó ní, "kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kọ ọ́. Ìlú ló ń yí. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Mi ò lè jókòó ti nǹkan tó ń bàjẹ́ kí n máa wò ó."

"O gbọ́ pé mo ti padà wá?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbọ́."

"O kò sì wá."

Nùrúdíìnì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí òróró ẹ̀rọ ti kùn. "Mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, Fàòsíyà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yín bí ẹni tó wá jíṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti dákẹ́ irú ìdákẹ́ yẹn, ọjọ́ tó bá fẹ́ la ẹnu, ẹnu náà á wúwo."

Fàòsíyà ní òun ni òun kọ́kọ́ parọ́, kì í ṣe Nùrúdíìnì ló yẹ kó máa bẹ òun. Nùrúdíìnì bi í bóyá ó ti jẹun. Kò tíì jẹun.

Bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń tẹ̀lé ìwé náà kiri. Nínú ọgọ́ta ibi, mọ́kàndínlógún péré ló kù. Níbi tó ti di ilé epo, wọ́n á dúró wò ó díẹ̀, Fàòsíyà á ṣàlàyé ibi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀, Nùrúdíìnì á ní irọ́ ni, apá òsì ló wà. Alùpùpù tuntun tí Nùrúdíìnì ní kò pariwo bíi ti àtijọ́, nítorí náà wọ́n lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Fàòsíyà ń sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, nípa ọdún mẹ́rin Ìwó, nípa bí ìyá rẹ̀ ṣe kú. Ibì kan ṣoṣo ni wọn kò yà sí. Bí ọ̀nà bá gbé wọn gba Logbaba, àwọn méjèèjì á wo iwájú.

Ní oṣù kẹsàn-án, ní etí Wouri, Nùrúdíìnì ní òun fẹ́ kó jẹ́ ìyàwó òun, òun kò sì ní dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Inú Fàòsíyà dùn débi pé kò lè gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni títí òun yóò fi dé iwájú màmá.

Àǹtí Èjìdé ni wọ́n tún lọ bá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún kan ti ń dà á láàmú. Ó gbọ́ wọn tán, ó ní òun ti rò pé òun yóò kú láìrí ìparí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ní kí wọ́n wá takisí fún òun. Nígbà tó padà dé láti Logbaba, ó mu omi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti sọ gbogbo bí nǹkan ṣe rí fún màmá. Ìgbà tí òun dìde láti máa lọ ni màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Sọ fún un kó wá jẹun."

Ẹ̀rù ba Fàòsíyà ju bí wọ́n bá ní màmá bínú lọ.

Ó dá nìkan lọ. Ó kọ̀ fún Nùrúdíìnì láti tẹ̀lé òun. Ìsọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn ọkùnrin tí ọwọ́ wọn dúdú fún epo mọ́tò ń jẹun. Màmá Logbaba ló ti kéré sí i. Ó jókòó ti ìkòkò lórí àga onírọ̀rí, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ló ń bá a bu oúnjẹ. Fàòsíyà kúnlẹ̀. Màmá ní kó dìde kó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ndolé fún un, ó gbé ègé ẹja kan lé e. Ó jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

Fàòsíyà jẹun. Ó fara balẹ̀ jẹ ẹ́, bí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Ẹ̀pà náà kúnná, edé náà tutù, ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ewúro náà ṣì wà níbẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" Màmá béèrè.

Ọkùnrin kan ní bẹ́ǹṣì kejì gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ti dé ẹnu Fàòsíyà, ó gbé e mì. "Màmá, ó korò," ó ní. "Ó korò nígbà yẹn náà, mo sì sọ fún yín pé ó dùn. Mo parọ́ fún yín nínú ìsọ̀ yín, lẹ́yìn tí ẹ ti pè mí lọ́mọ. Mo tún wá fi òótọ́ ṣe yín lẹ́sín níwájú ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ti Núrù, ẹ wo tèmi nìkan. Mo ṣẹ̀ yín."

Màmá Logbaba nawọ́, ó bu díẹ̀ nínú ọbẹ̀ tó wà nínú àwo Fàòsíyà, ó tọ́ ọ wò.

"Ó korò lóòótọ́," ó ní. "Bàbá Núrù ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Obìnrin Douala tó kọ́ mi ní ọbẹ̀ yìí máa ń fọ ewúro títí kò fi ní nǹkan kan lẹ́nu mọ́. Bàbá Núrù ní bí a bá fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ni a ń jẹ? Láti ìgbà tó ti kú ni mo ti ń sè é bó ṣe fẹ́ ẹ. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ sí mi lójú." Ó ti àwo náà padà sọ́dọ̀ Fàòsíyà. "Ká ní o bi mí lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ti sọ fún ọ."

Omi ń dà lójú Fàòsíyà sínú àwo. Màmá ní kó jẹun, ọbẹ̀ náà ti níyọ̀ tó, kò nílò omijé. Ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí níbẹ̀. Ó ti gbàgbé bàbá rẹ̀.

Alhaji Sàláwù ti di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Kì í lọ sí ọjà mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì rọ̀. Nígbà tí Fàòsíyà sọ fún un, ó ń fi pákò fọ eyín rẹ̀ tí obì ti sọ di pupa, kò sì dá iṣẹ́ dúró. Ó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ òun lójú, òun kọ́ ni òun yóò lọ kàn án. Nùrúdíìnì wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yàrá àlejò, ó sọ gbogbo ohun tó yẹ kó ti sọ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Alhaji gbọ́ ọ dé òpin, ó dúpẹ́ pé ó wá, ó sì ní ọ̀rọ̀ òun kò yí.

Àwọn kan ní kí Fàòsíyà má da bàbá arúgbó láàmú, kó lọ ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́dọ̀ ìmáàmù mìíràn, ó kúkú ti dàgbà. Kò fẹ́. Ó ní òun kò lè ti inú ẹkún ènìyàn kan jáde láti lọ fi ẹlòmíràn sínú ẹkún. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń se oúnjẹ bàbá rẹ̀, bàbá ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, ó máa ń rò pé bóyá àwọn ti gbó jù fún irú ìdùnnú yìí, pé ó ní ìgbà tí ilẹ̀kùn ayọ̀ máa ń tì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, takisí kan dúró ní iwájú ilé wọn ní Yassa. Àǹtí Èjìdé ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń kùn nítorí orúnkún. Ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó sì fa Màmá Logbaba jáde.

Fàòsíyà sáré gbé àga. Màmá kò jókòó. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ inú yàrá títí tó fi dé iwájú Alhaji.

"Alhaji," ó ní, "lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ẹlòmíràn ni mo rán wá sọ fún yín pé mi ò fẹ́. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n fẹsẹ̀ ara mi wá. Lónìí, mi ò rán ẹnikẹ́ni, Èjìdé kàn sìn mí wá ni. Mo wá tọrọ ọmọ yín fún ọmọ mi. Bí ẹ bá sì fẹ́ lé mi, èmi náà ni kí ẹ lé."

Fàòsíyà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àyà.

"Mo ní kí wọ́n kà á fún mi," Alhaji sọ.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ. Ó tún un sọ pé, "Ìwé náà. Nígbà tí Èjìdé jíṣẹ́ yín, mo ní kí ẹnì kan ní ọjà ka ojú ewé yẹn fún mi, kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ọmọ mi kọ. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ẹ jàre, Màmá. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bó bá ṣe pé ẹ jẹ̀bi ni, ǹ bá ti dárí jì yín tipẹ́."

Àǹtí Èjìdé yíjú sí fèrèsé. Màmá Logbaba wá jókòó. Alhaji ní kí Fàòsíyà gbé omi wá fún àwọn àlejò òun, ó sì fi kún un pé kó wo bóyá oúnjẹ kù. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti dá ọjọ́.

Wọ́n so yìgì wọn ní oṣù kejìlá, ní iwájú ilé náà ní Yassa, lábẹ́ tapólì. Ènìyàn kò pọ̀. Nígbà tí ìmáàmù béèrè bóyá Fàòsíyà fọwọ́ sí i, ó dáhùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn fi rẹ́rìn-ín, Alhaji náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kí bàbá lè máa rí ọmọ rẹ̀, Nùrúdíìnì ti gba yàrá méjì ní Logbaba lójú ọ̀nà Yassa, wọ́n sì ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaji kan sọ ọ́ kó wá máa gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Nùrúdíìnì ti mọ́sálásí dé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nínú náílọ́ọ̀nù. Fàòsíyà ti po tíì. Wọ́n jókòó sí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá lọ. Ọkùnrin náà ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun kò sọ̀rọ̀, ó sì bi í pé kí ló ń rò.

Ó kù díẹ̀ kí Fàòsíyà ní kò sí nǹkan. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Núrù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń dá gbé. Mò ń rò ó pé bóyá a ò mọ bí wọ́n ti ń gbé pọ̀ mọ́."

Nùrúdíìnì kò ní kó má bẹ̀rù. Ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó wo ègé méjèèjì, ó gbé èyí tó tóbi fún un.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó ní. "Mi ò sùn dáadáa."

Fàòsíyà sún mọ́ ọn títí èjìká wọn fi kan ara wọn. Wọ́n jẹ búrẹ́dì náà tán láìyára, oòrùn sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.